Ẹni Tó Jókòó Sórí Àga Yín

Bàbá mi, olólùfẹ́ ọmọ,

Ẹ kú àtijọ́ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba lẹ́tà lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ohunkóhun tó ṣeé kà bá wà níbẹ̀, ẹ ti rí i kà. Ara gbogbo wa le. Káyọ̀dé ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ṣì ń sanra. Àwọn ọmọ mi ti ga débi pé ẹ ò ní tètè dá wọn mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹjọ́ ni mo wá rò, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè rò ó fún, torí gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún ló fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin kan ti jókòó sórí àga yín.

Ẹ má tíì dìde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Èmi ti bá yín bínú ná, inú yẹn ṣì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àga tí mò ń wí náà ni èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù Màmá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, lẹ́yìn ọjà Aswani. Bí ẹ bá ti kúrò níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ kì í lọ sílé tààrà. Ẹ ó ká ìwé ìròyìn sábẹ́ abíyá, ẹ ó yà sọ́dọ̀ ìyàwó yín. Màmá á máa gé ṣòkòtò àwọn oníbàárà tí wọ́n ra aṣọ tó tóbi jù wọ́n lọ lọ́jà, ẹ̀yin á ti ìka bọ ẹnu, ẹ ó ṣí ojú ewé, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà sókè. Bí ọ̀rọ̀ bá ti dùn, máṣíìnì á dákẹ́. Màmá á ní, “Ẹ tún ibẹ̀ kà.” Èmi á wà lórí òkìtì àjákù aṣọ, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo tọkọtaya ṣe ń ṣe. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ìdí tí Màmá kì í fi gba ìwé náà lọ́wọ́ yín. Ta ni yóò béèrè irú ẹ̀?

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, máṣíìnì náà kò dákẹ́ mọ́. Bí mo bá yà síbẹ̀, ńṣe ni Màmá á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, á máa tẹ̀ ẹ́ lọ, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ni mo bá pinnu pé màá ra táàbù fún un, èyí tí yóò máa ka nǹkan sí i létí.

Ẹ mọ̀ pé n kì í fi ìwàǹwára ra nǹkan. Àǹtí Ṣadé, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa ní Àjàó Estate, kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi ojú ra táàbù, kí n fi ọwọ́ àti etí rà á. Mo lọ sí Òṣòdì. Ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ gbé èyí tó ń dán bíi dígí jáde. Ó ní, “Àǹtí mi, orijínà ni o, ẹ kàn gbé e lọ.” Mo ní kó tàn án. Kò pẹ́ tó ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ó gbé òmíràn wá, ojú tóbi, ó wù mí, ṣùgbọ́n ẹnu tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé. Bí ṣájà yẹn bá sọnù, ó ti parí nìyẹn. Òmíràn wà tí wọ́n kọ ọ̀pọ̀ nǹkan sára páálí rẹ̀ pé ó wà nínú rẹ̀, a ṣí i, kò sí ìdajì wọn níbẹ̀. Níkẹyìn mo mú tòkunbọ̀ kan tó ha díẹ̀ létí. Ohùn rẹ̀ ròkè dáadáa. Mo ní kó máa kọrin lọ, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo rìn yípo ọjà, mo padà dé, bátìrì rẹ̀ kò tíì tán. Mo ra rọ́bà tó dì í lára, kó má baà fọ́ bó bá já bọ́.

Mo ki Bíbélì Yorùbá tó ń ka ara rẹ̀ sínú rẹ̀, àti ìwàásù, àti ìtàn oríṣiríṣi. Mo to àwòrán ńláńlá sójú rẹ̀. “Màmá, bí ẹ bá tẹ pupa, Bíbélì. Bí ẹ bá tẹ àwọ̀ ewé, ìtàn.” Màmá jó. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí oníbàárà tí kò fi hàn. “Ọmọ mi obìnrin ló rà á fún mi.” Inú mi dùn kọjá ààlà, Bàbá. Káyọ̀dé tó jẹ́ àkọ́bí kàn fi àdúrà ránṣẹ́ ni. Èmi ni mo wá nǹkan tó rọ́pò ohùn yín. Bí mo ṣe ń wí fún ara mi nìyẹn.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé kan. Mo ra ọsàn, mi ò pè kí n tó lọ. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín Màmá. Ẹ̀rín yẹn, tó máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu rín. Mo wọlé, mo bá Bàbá Tísà.

Ẹ mọ̀ ọ́n. Ará Èkìtì yẹn ni, tó ń gbé òpópónà kejì sí tiwa, tí ìyàwó rẹ̀ ṣaláìsí ṣáájú yín. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó sì ti fọn díẹ̀. Ṣòkòtò tí ó ti tóbi jù fún un ló gbé wá fún Màmá kó bá òun dín in kù, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àga yín, ó fi ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi síléètì ilé ìwé ayé àtijọ́. Orí òun àti ti Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn lórí ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí mi, Màmá fa aṣọ kan bo nǹkan náà.

“Ah, ìwọ nìyí! O ò pè.”

“Màmá, táàbù yín dà?”

Ó na ọwọ́ sí pẹpẹ. Ó wà lábẹ́ òkìtì aṣọ tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù. Mo gbé e, ó ti kú fin-ín-fin-ín, wọn ò ṣájì rẹ̀.

Màmá ní, “Iná ojú rẹ̀ ń ta mí lójú. Omi á kàn máa jáde ni.”

Kí n tó lanu, Bàbá Tísà ti gbé tirẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ. “Wò ó, ọmọ mi. Ẹ̀rọ ìkàwé lásán ni, kò ní iná bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìwé ló ṣe rí. Gbé e síta sínú oòrùn, wàá rí i kà. N kì í rántí ìgbà tí mo ṣájì rẹ̀ kẹ́yìn.”

Mo gbé e síta. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Lẹ́tà dúdú lórí ojú tó funfun bí eérú, ó dúró jẹ́ẹ́, kò dán, kò ta ojú. Ó rí bí ìwé ìròyìn yín gan-an. Mo kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀.”

“Kò lè sọ̀rọ̀ rárá,” ni Bàbá Tísà wí. “Èèyàn ló ń kà á.”

Màmá bá tún bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá, ṣé ẹ ti rí i kí èèyàn ra nǹkan tó dára, kó fara balẹ̀ yàn án, kí ẹlòmíràn wá gbé òógùn rẹ̀ dà nù bẹ́ẹ̀? Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀. Mo pe Káyọ̀dé. Ó ní, “Ṣé kí Màámi máa sunkún títí ayé ni?” Mo gé fóònù mọ́ ọn létí.

Láti ìgbà náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ bí mo bá ń ti Àjàó bọ̀. Kò sí ọjọ́ tí mi ò bá a. Àkókò tí ẹ̀yin máa ń dé gan-an lòun náà ń dé. Màmá ti ń wé gèlè lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti fi yẹtí sétí. Ó tún ra awò ojú tuntun, èyí tí mo ti bẹ̀ ẹ́ títí kó rà tí kò dá mi lóhùn. Mo wí fún ara mi pé obìnrin kì í ra awò ojú torí ṣòkòtò. Ṣé ó máa ń wé gèlè fún ẹ̀yin náà? Mo gbìyànjú láti rántí, mi ò rí i. Bó bá jẹ́ pé kì í wé e fún yín, ó dùn mí. Bó bá sì jẹ́ pé ó máa ń wé e, ó tún dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ bá Bàbá Tísà nílé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi. Mi ò mu ún.

“Bàbá, ẹ má bínú sà. Àga tí ẹ máa ń jókòó sí yẹn, bàbá mi ló ni ín. Ẹnu àwọn èèyàn sì ti ń kùn.”

Irọ́ ni. Ẹnu ẹnikẹ́ni ò kùn, àyàfi tèmi. Ó wò mí bí tísà ṣe ń wo ọmọ tó jí iṣẹ́ ẹlòmíràn wò.

“Ṣé Màmá Káyọ̀dé ló rán ọ?”

“Rárá o, sà.”

“Ó dáa. Mo ti gbọ́.”

Ó sìn mí dé ẹnu géètì, ó ní kí n kí àwọn ọmọ. Láti ọjọ́ kejì kò yọjú sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ṣẹ́gun, Bàbá. Mo tilẹ̀ ṣájì táàbù náà, mo ki ìwàásù tuntun sí i, mo gbé e sórí tábìlì níwájú Màmá. Kò tẹ pupa, kò tẹ ewé. Máṣíìnì rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láìdúró.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Màmá já wọlé wa ní Àílégún pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé kì í wá láìpè. Ó kí ọkọ mi, ó ní kí àwọn ọmọ lọ ṣeré níta. Ọkọ mi náà fọgbọ́n tẹ̀ lé wọn. Màmá kò jókòó.

“Ta ló rán ọ níṣẹ́?”

Mo kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́...”

“Mo ní ta ló rán ọ? Ṣé mo wá fi ẹjọ́ sùn ọ́ ni? Ṣé mo ní Bàbá Tísà ń yọ mí lẹ́nu ni?”

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ẹ̀rọ ìkàwé yẹn jáde. Bàbá Tísà ti fi ránṣẹ́ sí i, pé kó máa lò ó lọ bí òun ò tiẹ̀ wá mọ́. Màmá wọ awò ojú, ó tàn án, ó fẹ lẹ́tà rẹ̀ títí ó fi tóbi bí àtàǹpàkò, ó fi ìka sábẹ́ ìlà kan. Òógùn ti ń yọ níwájú orí rẹ̀.

“A-já... ajá... Àjà-ní... sá... sá wọ... inú... ọ-gbà. Ajá Àjàní sá wọ inú ọgbà.”

Ó gbójú sókè.

“Màmá, ẹ ò mọ̀wé kà ni?”

“Ta ni ì bá kọ́ mi? Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni wọ́n rán níwèé, èmi ni wọ́n rán lọ kọ́ aṣọ rírán.”

“Ẹ̀ bá sọ fún mi. Ǹ bá kọ́ yín.”

“Kí n ní kí ni? Èmi tí mò ń gba ìwé iṣẹ́ àmúrelé rẹ wò lójoojúmọ́, tí mò ń mi orí, tí mo ní ‘O ṣeun, ó dáa’? Kí n wá sọ fún ọ pé ńṣe ni mò ń wo ibi tí ìwé ti mọ́ tónítóní?”

Ohùn rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Ó jókòó nígbà náà. Ó ní nígbà tí òun gba ṣòkòtò Bàbá Tísà, ìwé pélébé kan wà nínú àpò rẹ̀. Òun gbé e sójú bí ẹni tó ń kà á kí òun tó fà á fún un, ṣùgbọ́n orí ìwé náà ló wà nísàlẹ̀. Bàbá Tísà rí i, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn béèrè bóyá òun fẹ́ mọ̀ ọ́n kà. “Èèyàn mélòó ló bi mí rí, ọmọ mi?”

Ẹ̀yin mọ̀, Bàbá. Ẹ ti mọ̀ ṣáájú ìgbà tí ẹ bí wa. Ẹ̀yin méjèèjì jọ gbé àṣírí yẹn láàárín ara yín, èmi wà lórí òkìtì àjákù aṣọ, mo rò pé ìwé ìròyìn lásán ni mò ń gbọ́. Nígbà tó sì máa fi han ẹlòmíràn, ó fi han ará òpópónà kejì. Èmi ọmọ ni mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò kọ́ ọ? Ṣé ó kọ̀ ni, tàbí ẹ fẹ́ kó máa dúró de ohùn yín ni? Èmi ò ní bá yín jà bó bá jẹ́ èkejì. Ó yé mi.

Mo sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún Màmá. Mo ní ṣebí ẹ̀yin kà fún un.

“Bàbá yín kà fún mi títí ikú fi dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ó máa ń fo ibòmíràn. Mo máa ń wò ó. Ojú rẹ̀ á máa lọ, ẹnu rẹ̀ á dákẹ́, á wá ṣí ojú ewé kejì. Bí mo bá bi í, á ní kò sí nǹkan gidi níbẹ̀.” Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún sí ìró. “Mo fẹ́ mọ nǹkan tí kì í ṣe gidi yẹn.”

Kí lẹ fò, Bàbá?

Ìfura kan ṣì ṣẹ́kù nínú mi. Mo béèrè, “Bàbá Tísà ńkọ́? Ṣé ìwé nìkan ni?”

Màmá dìde. “Bí kì í bá ṣe ìwé nìkan ńkọ́?” Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò fọwọ́ kan ìrẹsì wa.

Mo lọ bẹ Bàbá Tísà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, torí ojú tì mí débi pé mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ó ní kí n dìde. Ó ní, “Èmi náà ní ọmọ obìnrin. Ó pè mí láti òkè òkun lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ní ta ni ìyá aránṣọ tí mò ń dárúkọ lójoojúmọ́ yìí.” Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dé ikùn. Lójoojúmọ́ kẹ̀? Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wá ṣe. Mo sọ fún gbogbo ayé pé Bàbá Tísà nílò ẹ̀rọ rẹ̀, pé kò dáa kí Màmá máa gbà á lò. Òtítọ́ rẹ̀ ni pé mi ò fẹ́ kó jẹ́ nǹkan rẹ̀ ni Màmá yóò máa gbé káàkiri nínú báàgì. Èmi àti Àǹtí Ṣadé tún padà sí Òṣòdì. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rọ ìkàwé gidi ni mo wá, tòkunbọ̀ tí apá mi ká. Mo ṣí ewé mọ́ ewé láti mọ̀ bóyá òjìji ojú ewé tí mo ti ṣí kọjá ń kù sójú rẹ̀. Mo fẹ lẹ́tà rẹ̀ títí ó fi kọ̀. Mo wá ní kí wọ́n ṣí ìwé Yorùbá fún mi. Nínú ẹ̀rọ àkọ́kọ́, gbogbo ibi tó yẹ kí àmì wà nísàlẹ̀ lẹ́tà di àpótí kékeré òfìfo. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó jẹ́ “ọmọ” di àpótí, m, àpótí.

Ẹni tó ń tà á ní, “Àǹtí, ta ló tún ń ka Yorùbá lórí nǹkan yìí?”

“Ìyá mi ni.” Bàbá, ẹ̀ bá wà níbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́, gbogbo ìsọ̀ náà yíjú wò mí. A wá a títí a fi rí èyí tó gbé gbogbo àmì rẹ̀ jáde pérépéré, lókè àti nísàlẹ̀.

Màmá gbà á, ó súre fún mi, ó dá ti Bàbá Tísà padà fún un. Ṣé mo ti rí àtúnṣe báyìí? Rárá o. Wọ́n ti wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí. Wọ́n á ki ìwé kan náà sínú méjèèjì, wọ́n á jọ máa sáré ẹni tó máa kọ́kọ́ parí orí kan. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi ra èyí fún wọn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo yà síbẹ̀ láti ibi iṣẹ́. Bàbá Tísà ò sí níbẹ̀, ó lọ gba oògùn ojú. Màmá nìkan ló wà. Kò rán nǹkan. Ó gbé ẹ̀rọ náà sórí itan, ó tẹjú mọ́ ọn. Mo kí i, kò gbọ́. Mo wo ẹnu rẹ̀. Kò mì. Kò sọ a-já, kò sọ Àjà-ní. Ó ti ń kà á sínú.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ṣì wà léjìká mi. Ìgbà yẹn ló rẹ́rìn-ín, òun nìkan, sí ohun kan tó wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tí í ṣe. Bàbá Tísà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà ò mọ̀ ọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, kò sí ibi tí ìyá mi wà tí èmi ò lè wọlé tọ̀ ọ́, àfi ibẹ̀ yẹn.

Ó wá rí mi. “Ìgbà wo lo dé?”

“Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mà.”

“Dúró díẹ̀. Jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀ ojú ewé yìí.”

Mo sì dúró.

Owú ṣì ń jẹ mí, Bàbá. Ẹ bá mi jẹ ẹ́ díẹ̀ níbi tí ẹ wà, kó má baà jẹ́ èmi nìkan. Ẹ sùn-ún re o.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ipò yín.